Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Lẹ́yìn Ilé Ìwé: Àǹfààní Wo Ló Ń Ṣe Ọmọ Mẹ̀kúnnù?

Òbí tó ní ọmọ mẹ́rin, tí owó tó ń wọlé fún un kò sì ju ti oúnjẹ lọ, mọ bí ìṣirò náà ṣe máa ń rí. Owó ìwé wà níbẹ̀, owó aṣọ ilé ìwé wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ àti ti ìdánwò náà ò gbẹ́yìn. Lẹ́yìn tí gbogbo èyí bá ti gba tiwọn, ta ló máa rántí pé ọmọ kẹta fẹ́ràn kó máa yàwòrán, tàbí pé àbíkẹ́yìn tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀ kó lè mọ ibi tí ohùn ti ń jáde? Ọmọ tó tú rédíò á jẹ ìyà, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àwọn òbí náà nífẹ̀ẹ́ ọmọ wọn. Owó ni kò tó.

Àmọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, àwọn kan wà tí wọ́n ti pinnu pé owó kọ́ ló máa sọ ọmọ tó máa kọ́ nǹkan àti èyí tí kò ní kọ́ ọ. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní àdìrẹ, ijó, ayò ṣẹ́ẹ̀sì, ìlò kọ̀ǹpútà àti bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù orí fóònù, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń pe irú ẹ̀kọ́ yìí ní STEAM. Lẹ́tà márùn-ún yẹn dúró fún sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé, iṣẹ́ ẹnjiníà, iṣẹ́ ọnà àti ìṣirò. Nígbà kan, mẹ́rin ni wọ́n, iṣẹ́ ọnà ò sí lára wọn. Nígbà tó yá, àwọn olùkọ́ rí i pé ọmọ tó mọ àwòrán yà tàbí tó mọ ijó jó ń lo ojú, ọwọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ lọ́nà tí sáyẹ́ǹsì náà nílò. Wọ́n bá fi iṣẹ́ ọnà kún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ìdílé. Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ pé kí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama jẹ́ ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, àjọ UNICEF ti sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.5 ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 14 ni kò sí nílé ìwé ní Nàìjíríà. Lára àwọn tó sì wà nílé ìwé, àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni wọ́n ti rí àwòrán kọ̀ǹpútà. Kí wá ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé lè ṣe fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀? Kí ni kò lè ṣe? Kí ló sì yẹ kí òbí béèrè kó tó fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀?

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìkòkò aró

Irú ètò yìí ti wà tipẹ́. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀, gbajúmọ̀ eléré orí ìtàgé, ṣí ilé àṣà kan ní Òṣogbo tí wọ́n ń pè ní Mbari Mbayo. Láàárín ọdún yẹn sí 1964, wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kéékèèké lórí àwòrán yíyà níbẹ̀. Denis Williams àti Georgina Beier wà lára àwọn tó kọ́ wọn. Àwọn tó wá kì í ṣe ọmọ olówó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò kàwé jìnnà, àwọn kan sì jẹ́ òṣèré nínú ẹgbẹ́ Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀. Inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ni Twins Seven Seven, Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami àti Rufus Ogundele ti jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn rìn dé òkè òkun, nígbà tó sì di 2005, àjọ UNESCO fi Twins Seven Seven ṣe ọ̀kan lára àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ń ṣojú fún àlàáfíà.

Ìlú yẹn kan náà ni Nike Davies-Okundaye, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Mama Nike, ti gbé iṣẹ́ náà dé ibòmíì. Ọdún 1951 ni wọ́n bí i ní Ogidi-Ìjùmú, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogi báyìí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá àgbà kan nínú ìdílé wọn, tó mọ aṣọ hun, tó sì mọ aṣọ rẹ láró, ló tọ́ ọ dàgbà. Ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà yìí ló jókòó sí tó fi mọṣẹ́. Ní 1983, ó dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti lè kọ́ àdìrẹ, aṣọ híhun, àwòrán yíyà àti igi gbígbẹ́ láìsanwó. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ tó ti gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá lé ní 3,000.

Ní ọdún 2000, ìjọba Ítálì ní kó wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin Nàìjíríà tí wọ́n ń ṣe aṣẹ́wó lọ́hùn-ún níṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n lè rí ọ̀nà míì jẹun. Ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé ìlérí iṣẹ́ gidi ni wọ́n fi tàn wọ́n kúrò nílé. Ó yẹ kí òbí rò ó wò: bí ọwọ́ ọmọbìnrin bá ti mọ iṣẹ́ kan tó ń mówó wọlé nílé, ṣé ó máa rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti fi ọ̀rọ̀ dídùn gbé e lọ?

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ àwọn ìyá àgbà ni àdìrẹ, pé kò kan sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì wo inú ìkòkò. Wọ́n á gún ewé èlú nínú odó, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sì sá a gbẹ. Wọ́n á jó igi di eérú, wọ́n á kó eérú náà sínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, wọ́n á wá da omi lé e lórí, kí omi náà lè máa kán sínú ìkòkò míì nísàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n máa kó èlú sí fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi kan.

Kí nìdí tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí? Àwọ̀ búlúù inú èlú kì í yọ́ nínú omi lásán. Tó bá kan nínú omi eérú ló tó ń yọ́, tó sì ń ráyè wọnú òwú. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ fa aṣọ yọ nínú ìkòkò, kì í tíì ní àwọ̀ búlúù. Ńṣe ló máa ń dà bí ewé tó fẹ́ pọ́n. Àmọ́ bí atẹ́gùn bá ṣe ń kàn án, ojú yín báyìí ló ṣe máa di búlúù, torí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ti dá àwọ̀ náà pa dà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò sì ní yọ́ mọ́. Ohun tí olùkọ́ kẹ́místrì ń kọ sójú pátákó nìyẹn. Ọmọ tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i kò tún ní há a sórí kó tó mọ̀ ọ́n.

Ìṣirò náà wà níbẹ̀. Nínú àdìrẹ oníkò, wọ́n á ká aṣọ, wọ́n á sì fi ìko dì í kí aró má bàa dé ibi tí wọ́n dì. Tẹ́ ẹ bá ká aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ó di ìṣẹ́po 2. Tẹ́ ẹ bá ká a lẹ́ẹ̀mejì, ó di 4, lẹ́ẹ̀mẹta, ó di 8. Ẹnì kan ṣoṣo ló dì í, àmọ́ ibi mẹ́jọ ni àwòrán náà máa yọ sí. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n á fi láfún ṣe ẹ̀kọ, wọ́n á sì fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán sára aṣọ tí wọ́n ti pín sí igun mẹ́rin mẹ́rin lọ́gbọọgba. Àwòrán tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tí òpó Gbọ̀ngàn Màpó máa ń wà nínú rẹ̀, gba pé kí aláró wọn aṣọ náà dáadáa kó tó ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ.

Ijó tó bẹ̀rẹ̀ nínú ilé

Ní 2017, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Daniel Ajala Owoseni bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní ijó ballet ní Ajangbadi, nílùú Èkó. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ballet kankan. Ó wo fíìmù kan, ijó náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ó sì fi fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ara rẹ̀. Ó pe ibi tó ti ń kọ́ni ní Leap of Dance Academy. Inú ilé ara rẹ̀ ló ti ń kọ́ wọn, lórí kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tó ń tẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ jó, tó sì ń ká kúrò tí wọ́n bá jó tán. Kò gba owó, ó tún ń wá bàtà àti aṣọ ijó fún wọn.

Ní June 2020, ó gbé fídíò kan síta. Nínú rẹ̀, Anthony Mmesoma Madu, tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà náà, ń jó láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ tí òjò ti rẹ gbingbin. Àìmọye èèyàn kárí ayé ló wo fídíò náà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ijó lókè òkun nawọ́ ìrànwọ́ sí ọmọ náà àti olùkọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, Anthony lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ballet Elmhurst ní ìlú Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2024, wọ́n gbé fíìmù jáde nípa rẹ̀.

Ìtàn yẹn dùn, àmọ́ ó yẹ kí òbí fara balẹ̀ wò ó. Ọmọ kan ṣoṣo ni fídíò yẹn gbé dé Birmingham. Àwọn tó kù ń bá ijó wọn lọ ní Ajangbadi. Ṣé àwọn yẹn wá jó lásán ni? Rárá o. Ballet ń béèrè pé kí ọmọ tètè dé, kó tún ohun kan náà ṣe lọ́pọ̀ ìgbà títí tó fi máa gún, kó sì lè dúró níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn láìgbọ̀n. Ọmọ tó bá ní àwọn ìwà yẹn ti ní ohun tó lè gbé dé ibi iṣẹ́ èyíkéyìí. Òbí tó bá ń rán ọmọ rẹ̀ lọ torí kí òkìkí lè kàn nìkan, àfàìmọ̀ ni kò ní já òun kulẹ̀, kó sì já ọmọ náà kulẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀pọ́n ṣẹ́ẹ̀sì àti kọ̀ǹpútà ní Makoko

Tunde Onakoya dàgbà sí Ìkòròdú. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti kọ́ ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí òbí rẹ̀ ò rówó ilé ìwé girama san, ìyá rẹ̀ gba iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ìwé náà kí wọ́n lè jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kàwé níbẹ̀. Ní 2018, ó dá ètò Chess in Slums Africa sílẹ̀. Ètò náà ti kọ́ àwọn ọmọ ní ṣẹ́ẹ̀sì ní Makoko tó wà lórí omi, ó sì ti dé abẹ́ afárá Òṣòdì níbi tí àwọn ọmọ tí kò nílé ń sùn.

Kí ni ṣẹ́ẹ̀sì fẹ́ ṣe fún ọmọ tí ebi ń pa? Ìbéèrè gidi ni. Ayò fúnra rẹ̀ kì í yó èèyàn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá gbé ọ̀pọ́n dé abẹ́ afárá lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ máa mọ orúkọ ọmọ, á mọ ibi tó ń sùn, á sì mọ ìgbà tí kò wá. Ẹni tó bá mọ ọmọ ló lè gbà á níyànjú láti pa dà sílé ìwé, òun náà ló sì lè wá ẹni tó máa sanwó rẹ̀. Nínú ayò náà, ọmọ á kọ́ pé kéèyàn tó gbé ọwọ́, ó yẹ kó ronú nípa ohun tí ẹnì kejì máa ṣe lẹ́yìn náà. Ní April 2024, Onakoya ta ṣẹ́ẹ̀sì fún 60 wákàtí ní Times Square, ní New York, kó lè wá owó mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 2025, òun àti Shawn Martinez tún ta á fún 64 wákàtí níbẹ̀.

Ní Makoko yìí kan náà, àwọn ọmọbìnrin kan ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Abisoye Ajayi-Akinfolarin dá Pearls Africa Foundation sílẹ̀ ní 2012, ètò GirlsCoding tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin láti àdúgbò mẹ̀kúnnù bí wọ́n ṣe ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé. Ní 2018, ilé iṣẹ́ CNN kà á mọ́ àwọn akọni mẹ́wàá ọdún náà. Iṣẹ́ apẹja ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń ṣe ní Makoko, àwọn alágbàtà ló sì máa ń jẹ èrè ibẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ yìí ṣe ìkànnì kan tó pè ní Makoko Fresh, kí ẹni tó fẹ́ ra ẹja lè rà á lọ́wọ́ apẹja fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ́ ọ ti di ọ̀nà tó ń gbà ran iṣẹ́ ìdílé wọn lọ́wọ́.

Ìṣòro ilé ló di ẹ̀kọ́

Ohun tó jọ ìyẹn ṣẹlẹ̀ ní Onitsha, Ìpínlẹ̀ Anambra. Oògùn ayédèrú ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn lórílẹ̀-èdè yìí. Ní 1988, àbúrò Dora Akunyili kú lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní insulin ayédèrú. Akunyili wá di olórí àjọ NAFDAC ní 2001, gbogbo Nàìjíríà ló sì mọ bó ṣe gbógun ti àwọn tó ń ta irú oògùn bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tó wà ní ọjà Onitsha.

Ní 2018, àwọn ọmọbìnrin márùn-ún láti ilé ìwé girama Regina Pacis ní Onitsha gbé áàpù kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní FD-Detector. Èèyàn á fi fóònù ya àmì ìlà-ìlà tó wà lára páálí oògùn, áàpù náà á sì sọ bóyá ojúlówó ni àti bóyá ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ìdíje Technovation ni wọ́n ṣe é fún. Ètò àgbáyé yìí ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin láti fi ìmọ̀ ẹ̀rọ yanjú ìṣòro àdúgbò wọn. Uchenna Onwuamaegbu-Ugwu, olùkọ́ kan tó ti pẹ́ nídìí kíkọ́ àwọn ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì, ló tọ́ wọn sọ́nà. Ní August ọdún náà, wọ́n gba ipò kìíní ní ìpele àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kéékèèké ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n sì fi àwọn ọmọ Amẹ́ríkà àti ti Ṣáínà sẹ́yìn.

Ẹ wo ohun tó pa gbogbo ìtàn yìí pọ̀. Apẹja ní Makoko, oògùn ní Onitsha, èlú ní Òṣogbo: ohun tó ti wà nínú ìgbésí ayé àwọn ọmọ náà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ máa ń tètè kọ́ ohun tó bá mọ ìwúlò rẹ̀.

Ẹnì kan ló ń san owó ọ̀fẹ́

Kò sí ẹ̀kọ́ tí kì í náni lówó. Tí òbí ò bá san án, ẹnì kan ló ń san án. Ilé wà láti háyà, epo jẹnẹrétọ̀ wà láti rà, dátà wà, owó ọkọ̀ olùkọ́ wà, búrẹ́dì àti ohun mímu tí àwọn ọmọ máa jẹ náà wà. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ètò yìí ló jẹ́ pé apá èèyàn kan tàbí méjì ló gbé wọn dúró. Bí ó bá rẹ ẹni náà, bí ó bá ṣí kúrò nílùú, tàbí bí àwọn tó ń ṣètìlẹ́yìn bá dáwọ́ dúró, ètò náà lè tú ká, ọmọ tó ti ń fọkàn sí i á sì pa dà sílé. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí àdúgbò ká apá gbera. Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ní gbọ̀ngàn tó ṣófo lọ́jọ́ Sátidé lè yá wọn. Télọ̀ lè mú èérún aṣọ wá. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lè jí èyí tó ti kú dìde.

Òbí náà ní ohun tó ń san, bí kò tilẹ̀ sí owó níbẹ̀. Nínú ilé tí ọmọ ti ń bá ìyá rẹ̀ ta omi tútù, wákàtí mẹ́ta lọ́sàn-án Sátidé jẹ́ owó. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó síwájú. Ọjà tí ọmọ ń kiri lónìí, ohun kan náà ló máa kiri lọ́dún mẹ́wàá sí i bí kò bá kọ́ nǹkan míì. Ewu mọ́tò àti ti àwọn èèyàn burúkú ò sì jìnnà sí ọmọ tó ń kiri lójú títì. Òbí tí kò bá lè yọ̀ǹda ọjọ́ kan lódindi lè yọ̀ǹda wákàtí méjì, kó sì sọ fún olùkọ́ ìgbà tí ọjà máa ń dá, kí wọ́n lè jọ mú àkókò tó rọrùn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tún le díẹ̀. Tí iṣẹ́ ilé bá ti pọ̀, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá dúró sílé pé kí wọ́n pọnmi, kí wọ́n gbé oúnjẹ kaná, kí wọ́n sì tọ́jú àwọn àbúrò. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin á ti lọ. Nínú ilé tí wọ́n bá ti pín iṣẹ́ láàárín ọkùnrin àti obìnrin, àwọn méjèèjì á ráyè lọ.

Kò tún yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí gba ipò ilé ìwé. Ọmọ tó mọ ètò kọ̀ǹpútà kọ, àmọ́ tí kò lè ka ìwé geere, máa há sójú ọ̀nà. Ètò tó dára máa ń bi òbí bóyá ọmọ ń lọ sílé ìwé, tí kò bá sì lọ, á wá bó ṣe máa pa dà.

Ohun tó yẹ kí òbí béèrè

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú ètò yìí jẹ́ ọmọlúwàbí. Síbẹ̀, ọmọ kì í ṣe ohun téèyàn ń fi dánra wò. Kẹ́ ẹ tó fi ọmọ yín síbẹ̀, ẹ béèrè àwọn nǹkan yìí láìtijú:

• Ta ni olùkọ́ náà, ta ló sì mọ̀ ọ́n? Ṣé baálẹ̀, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tàbí ọ̀gá ilé ìwé mọ̀ nípa rẹ̀?

• Ṣé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ṣí sílẹ̀ tí òbí lè yà wọlé nígbàkigbà? Tí wọ́n bá ní kí òbí má yọjú, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀.

• Ṣé àgbàlagbà ju ẹyọ kan lọ máa ń wà níbẹ̀? Ṣé obìnrin máa ń wà pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin?

• Aago mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, aago mélòó ni wọ́n ń parí, ta ló sì ń mú àwọn ọmọ kéékèèké délé?

• Ṣé wọ́n ń ya fọ́tò tàbí fídíò àwọn ọmọ? Ibo ni wọ́n ń gbé e sí? Fídíò ti ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn kan, àmọ́ òbí ló ni ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò yẹ kí wọ́n ya ọmọ nínú ìdọ̀tí tàbí nínú ẹkún torí kí àánú lè ṣe àwọn olówó.

• Ṣé wọ́n ń béèrè owó lábẹ́ orúkọ míì, irú bí owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìrìn àjò sí òkè òkun? Tí wọ́n bá ní ẹ fi ọmọ yín lé ẹnì kan lọ́wọ́ pé kó mú un rìnrìn àjò, ẹ ṣọ́ra gidigidi.

• Kí ni ọmọ máa lè ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Olùkọ́ gidi á lè dáhùn.

Tí kò bá sí irú ètò bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yín

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló wà níbi tí irú ètò yìí ò tíì dé. Ìyẹn ò ní kí ọmọ jókòó lásán. Ọ̀pọ́n ayò tó ti wà nílé ní ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ló sì ń wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ní láti ka ọmọ ayò lójú, kó sì mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ máa parí sí kó tó gbé e. Ìṣirò àfojúṣe nìyẹn, kò sì gba iná mànàmáná.

Lọ́jọ́ tí ilé ìwé bá wà ní ìsinmi, ẹ fún ọmọ ní aṣọ funfun àlòkù kan, okùn díẹ̀ àti aró tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ẹ ní kó sọ iye ibi tí àwòrán máa yọ sí kó tó tú okùn, kẹ́ ẹ wá jọ kà á. Tí rédíò bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ yọ bátìrì rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ tó fẹ́ràn ẹ̀rọ tú u. Ẹ bá oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò yín sọ̀rọ̀, yálà aláró ni, káfíńtà ni tàbí ẹni tó ń tún fóònù ṣe, pé kó jẹ́ kí ọmọ wá máa wo òun fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, lójú àgbàlagbà tẹ́ ẹ fọkàn tán. Ọ̀pọ̀ kì í kọ̀ tí wọ́n bá rí i pé òbí fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ wọ́n.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín mọ nǹkan kan, bóyá ẹ mọ orin kọ, ẹ mọ aṣọ rán tàbí ẹ mọ kọ̀ǹpútà lò, ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà tó wà lójúlé yín ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn òbí wọn, ẹ mú ọjọ́ kan àti aago kan, kẹ́ ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Òṣogbo ò ní ju ilé kan àti ìwọ̀nba àwọ̀ àti bébà lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1962.